Red Line, Àgbàdo sí Ọyíngbò: ta ló wúlò fún, kí ló sì ń fà á sẹ́yìn?

Ẹni tó bá ń gbé ní Àgbàdo, Ìjú tàbí Agége, tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Òṣòdì, Yàbá tàbí Ọyíngbò, Red Line, rélùwéè ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń kó èrò láàárín ìlú, ni kó máa wọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn ní apá ibẹ̀ yẹn ló máa ń há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Agége Motor Road. Ẹni tí ọ́fíìsì tirẹ̀ wà ní Marínà tàbí Victoria Island, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, a máa débẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó ra káàdì, kó ti fi í sọ́kàn pé rélùwéè kì í ṣe dánfó. Dánfó ń dúró kí èrò kún. Rélùwéè kò mọ̀ pé ẹnì kan ò wá, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ nípa ọjà Ọyíngbò, níbi tí ọ̀nà yìí gan-an parí sí. Ẹni tó bá lè bá aago rìn yóò jèrè ọkọ̀ yìí dáadáa. Ẹni tí kò bá lè bá a rìn, orí ìdúró ní pèpéle ni gbogbo àkókò tí ì bá rí fi pamọ́ máa parí sí.

Ọ̀nà náà gùn tó kìlómítà 27, ibùdó 8 ló sì wà lórí rẹ̀: Àgbàdo, Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Múṣin, Yàbá àti Ọyíngbò. Ààrẹ Bola Tinubu ló ṣí i ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2024, àmọ́ ó di ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún náà kí èrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́. Ibùdó 8 túmọ̀ sí àlàfo 7. Ẹ pín kìlómítà 27 sí ọ̀nà 7, ẹ ó rí i pé ibùdó kan sí èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 4. Ohun tó jẹ́ kí ọkọ̀ náà yá nìyẹn, torí ọkọ̀ tó bá ń dúró ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan kò lè sáré. Òun náà ló fà á tí ẹni tó ń gbé ní Ṣógúnlẹ̀ tàbí Fádèyí fi máa ń rí i tí ọkọ̀ ń kọjá, tí kò sì lè wọ̀ ọ́ láìkọ́kọ́ wá nǹkan mìíràn gbé e dé ibùdó. Kí ẹ tó pinnu, ẹ fẹsẹ̀ rìn láti ilé yín dé ibùdó tó súnmọ́ yín lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ wo aago. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú 20 lọ, ẹ ò ní í lè máa fẹsẹ̀ rìn ín lójoojúmọ́. Kẹ̀kẹ́ Márúwá tàbí kórópe ni ẹ ó máa wọ̀, owó rẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀ sì gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò.

Àgbàdo wà lẹ́nu ààlà Èkó àti Ògùn, nítorí náà ibẹ̀ ni èrò Ìjókò, Akúte, Alágbọlé àti àwọn kan láti Ṣàngó Ọ̀tà ti ń wọkọ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń gbéra, ibẹ̀ náà ni ìjókòó ti pọ̀ jù lówùúrọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, Ọyíngbò ni ọ̀rọ̀ yí sí. Ìjú ni wọ́n ti ń fa omi ẹ̀rọ wọ Èkó láti ọdún 1915. Ìkẹjà ni ibùdó tó wúlò jù fún ẹni tó fẹ́ wọ báàsì lẹ́yìn rélùwéè, torí gáréèjì báàsì ńlá Ìkẹjà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Computer Village kò sì jìnnà síbẹ̀. Òṣòdì ni oríta gbogbo ọ̀nà: ẹni tó ń lọ Ìsọlọ̀, Àpápá, Gbàgádà tàbí Máìlì 2 yóò rí ọkọ̀ ní gáréèjì alájà tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 2019. Èrò ọjà Ojúwòyè ni Múṣin wà fún. Yàbá ni ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ YABATECH àti UNILAG àti àwọn tó ń ná ọjà Tejúoṣó.

Agége yẹ ní ìdúró díẹ̀, nítorí rélùwéè ló sọ ọ́ di ohun tó dà. Obì tí wọ́n ń gbìn ní àyíká ibẹ̀, orí rélùwéè ni wọ́n ń kó o sí lọ sí Òkè Ọya, ìyẹn ló sì kó àwọn oníṣòwò Hausa wá tẹ̀dó síbẹ̀. Búrẹ́dì Agége náà kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ Jàmáíkà kan tó ń jẹ́ Amos Shackleford wá sí Èkó ní 1913 láti ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè. Nígbà tó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta ní 1921, òun ni wọ́n sì sọ pé ó mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ìyẹ̀fun pípò wọ ilẹ̀ yìí, èyí tó ń jẹ́ kí búrẹ́dì fà, kí ó sì nípọn lẹ́nu. Ibùdó Agége ni àwọn èrò rélùwéè ti ń ra irú búrẹ́dì bẹ́ẹ̀ lójú fèrèsé, bí orúkọ náà sì ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn.

Irin tí Red Line ń tẹ̀ lónìí jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n ipa ọ̀nà tó ń tọ̀ ti lé ní ọgọ́fà ọdún. Ọdún 1896 ni àwọn òyìnbó amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Ìddó. Wọ́n gba Agége àti Àgbàdo kọjá sí ọ̀nà Abẹ́òkúta, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 1901. Nígbà tó fi máa di 1912, rélùwéè ti so Èkó mọ́ Kánò. Kì í ṣe nítorí àtirí èrò gbé lọ síbi iṣẹ́ ni wọ́n ṣe tẹ́ ẹ. Èkùrọ́, epo pupa, òwú àti kòkó ni wọ́n fẹ́ máa kó dé etíkun. Nítorí bẹ́ẹ̀, wọn kò ro ti ibi tí ènìyàn ń gbé nígbà tí wọ́n ń yan ọ̀nà. Àwọn ènìyàn ló wá bá irin, tí wọ́n kọ́lé yí i ká. Agége Motor Road tí a ń bú lójoojúmọ́ yìí, ẹ̀gbẹ́ irin ló tọ̀ láti Agége títí dé apá Yàbá. Ẹni tó bá ti ń ronú pé kí ló dé tí Red Line kò gba Ojódú tàbí Kẹ́tu, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn: ọ̀nà ọdún 1896 ni wọ́n tọ̀, torí ilẹ̀ ibẹ̀ ti jẹ́ ti rélùwéè tẹ́lẹ̀, kò sí pé à ń wó ilé kiri àárín ìlú.

Irin àtijọ́ náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tuntun ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tó bá dúró lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ lè fojú ara rẹ̀ fi wọ́n wéra. Àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì ti àtijọ́ jẹ́ mílímítà 1,067. Ti tuntun jẹ́ 1,435. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ mílímítà 368, èyí tó ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan lọ díẹ̀. Ó lè dà bí ohun kékeré, àmọ́ òun ló pinnu pé ọkọ̀ ti òde òní kò lè tẹ irin àtijọ́ rárá, ti àtijọ́ náà kò sì lè tẹ ti òde òní. Bí ẹsẹ̀ bá ṣe yà sí, bẹ́ẹ̀ ni ìdúró ṣe ń rinlẹ̀ sí: ọkọ̀ tó dúró lórí irin gbígbòòrò kì í mì jọ̀wọ̀lọ̀ bíi ti àtijọ́, ó sì lè sáré jù ú lọ. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tí irin tuntun yìí jẹ́ apá kan rẹ̀, eré kìlómítà 150 ní wákàtí kan ni wọ́n ṣe é fún. Láàárín Èkó, níbi tí ibùdó ti súnmọ́ra tó yìí, kò sí àyè fún irú eré bẹ́ẹ̀.

Èbúté Mẹ́ta ni ọkàn gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọgbà rélùwéè àti ilé tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe wà. Nínú ọgbà yẹn ni Jaekel House wà, ilé onípákó tí wọ́n kọ́ ní 1898, tí wọ́n ti sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún ìtàn rélùwéè. Ẹni tó bá ní wákàtí kan nílẹ̀ ní Ọyíngbò, ibẹ̀ ni kó lọ lò ó. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè yìí náà ni Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kó jọ, tí wọ́n sì wà níwájú nínú ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò ọdún 1945, nígbà tí owó iṣẹ́ kò ká oúnjẹ mọ́ lẹ́yìn ogun Hitler.

Ti rélùwéè tó ń kó èrò láàárín ìlú kò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Gómìnà Lateef Jakande fẹ́ kọ́ èyí tí wọ́n pè ní Metroline ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tí gígùn rẹ̀ ì bá jẹ́ kìlómítà 28.5. Ìjọba ológun Muhammadu Buhari fagi lé e ní 1985, owó tó sì bá a rì lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là. Ọdún 38 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 2023, Buhari kan náà yìí, tó ti di ààrẹ alágbádá, ló wá ṣí Blue Line láti Marínà dé Máìlì 2. Blue Line gùn ní kìlómítà 13, ibùdó 5 ló ní, iná mànàmáná ló sì ń lò. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ẹ má fi Red Line wé e ní tààrà. Blue Line ní irin tirẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni pín in. Red Line kò ní in, ibẹ̀ sì ni gbogbo wàhálà rẹ̀ ti ń wá.

Irin tí Red Line ń tẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Òun ni irin Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, tí Buhari ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021. Ọ̀nà méjì ni, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀. Ọkọ̀ Ìbàdàn ń gbà á, ọkọ̀ ẹrù láti èbúté Àpápá ń gbà á, Red Line náà ń gbà á. Wọ́n pín irin náà sí ìpele-ìpele, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló sì lè wà nínú ìpele kan lẹ́ẹ̀kan náà. Títí tí ti iwájú yóò fi jáde níbẹ̀, iná pupa ni ti ẹ̀yìn yóò máa wò. Mọ́tò lè ya ara rẹ̀ sílẹ̀ kó fò sọ́tùn-ún láti kọjá èyí tó wà níwájú. Rélùwéè kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, àfi níbi tí wọ́n bá ti tẹ́ irin ìyàlẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí náà, bí ọkọ̀ Ìbàdàn bá pẹ́ láti kúrò lójú irin, Red Line tó tẹ̀lé e yóò pẹ́, èyí tó tún tẹ̀lé ìyẹn náà yóò pẹ́. Ìdí nìyí tí iye ìgbà tí Red Line ń lọ tó ń bọ̀ lóòjọ́ kò fi tó ti Blue Line. Bí ẹ bá rí i pé ọkọ̀ dúró láàárín Agége àti Ìkẹjà láìsí ibùdó níbẹ̀, ẹ má rò pé ẹ́ńjìnnì ló kú. Iná pupa ló ń wò, ó ń dúró kí ẹlòmíràn kọjá. Ẹ jókòó sí àyè yín, ẹ má ṣe gbìyànjú láti ṣílẹ̀kùn kí ẹ bọ́ sílẹ̀, nítorí irin kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ọkọ̀ lè máa bọ̀ lórí rẹ̀ ní ìdà kejì.

Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ dára, ìtàn rẹ̀ sì gùn. Ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ bẹ ilé iṣẹ́ Talgo ti Spéènì níṣẹ́ ní 2009: ọkọ̀ méjì, mílíọ̀nù 47 dọ́là, láti máa ná Milwaukee sí Chicago. Ìlú Milwaukee ni wọ́n ti tò ó pọ̀. Wọ́n wá dìbò yan Scott Walker gẹ́gẹ́ bí gómìnà ní 2010, ó sì takò iṣẹ́ rélùwéè tí ìjọba àpapọ̀ wọn fẹ́ fi mílíọ̀nù 810 dọ́là ṣe. Owó náà bọ́ lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ náà. Nígbà tí ọkọ̀ méjèèjì fi máa parí, kò sí ẹni tó fẹ́ lò ó mọ́. Ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́, ọkọ̀ sì wà nípamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìgbé èrò kan ṣoṣo, kí Gómìnà Babajide Sanwo-Olu tó lọ rà á ní Milwaukee ní oṣù kìíní ọdún 2022. Kóòṣì 10 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì ló sì ń fà á.

Ohun tí èrò máa kọ́kọ́ kíyè sí ni pé ọkọ̀ náà lọ sílẹ̀, kóòṣì rẹ̀ sì kúrú ju ti ọkọ̀ Ìbàdàn lọ. Bí Talgo ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọ̀pọ̀ kóòṣì rélùwéè ni wọ́n máa ń gbé lé ẹsẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin níwájú àti lẹ́yìn. Ní ti Talgo, àárín kóòṣì kan sí èkejì ni ẹsẹ̀ wà, méjì péré, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yí fúnra rẹ̀ láìso mọ́ èkejì. Sípíríǹgì tó gbé kóòṣì dúró wà lókè, kò sí nísàlẹ̀, nítorí náà nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, ara kóòṣì a fì sínú díẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn fì lórí ọ̀kadà ní kọ́nà. Èrò kì í fi bẹ́ẹ̀ tì ségbẹ̀ẹ́. Ohun tó tún dára níbẹ̀ ni pé ilẹ̀ kóòṣì kò ga, èyí sì rọrùn fún aláboyún àti àgbàlagbà.

Àmọ́ ọkọ̀ ìrìnàjò láti ìlú sí ìlú ni wọ́n ṣe é fún láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ti èrò tó ń rọ́ wọlé tó ń rọ́ jáde. Ìjókòó rẹ̀ méjì-méjì, ó rọ̀ṣọ̀mù, ó sì tuni lára. Ibi tí ènìyàn lè dúró sí kò tó ti Blue Line, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti Blue Line. Tí èrò bá pọ̀ ní Òṣòdì, ìṣẹ́jú díẹ̀ máa ń lọ lórí kí àwọn kan jáde, kí àwọn kan wọlé. Ẹni tó máa sọ̀kalẹ̀ ní Ìkẹjà kò gbọdọ̀ dúró kí ọkọ̀ dúró tán kó tó dìde. Kó ti wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn nígbà tí ọkọ̀ bá ti ń dẹ̀ eré. Fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé ṣí. Ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tu gbogbo inú rẹ̀, iná tó sì ń gbé e ṣiṣẹ́ láti ara ẹ̀rọ ọkọ̀ náà ló ti ń wá. Tí ìyẹn bá fi lè kú, ooru yóò mú gbogbo kóòṣì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa gbé omi dání, pàápàá tí ẹ bá ń wọ ọkọ̀ ọ̀sán.

Ní ti sísan owó, kò sí owó ọwọ́. Cowry Card ni, káàdì kan náà tí wọ́n ń lò fún BRT (báàsì tó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀), Blue Line àti ọkọ̀ ojú omi ìjọba. Ẹni tó bá ti ní in fún BRT kò nílò òmíràn. Ẹ gbé e lé ojú ẹ̀rọ lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé, kí ẹ dúró kí iná àwọ̀ ewé tàn kí ẹ tó kọjá, kí ẹ má kàn fi gbá a. Tí ẹ bá dé ibi tí ẹ ń lọ, ẹ tún gbé e lé ojú ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá ń jáde, torí bí ìrìn yín bá ṣe jìnnà tó ni ẹ̀rọ ṣe ń ṣírò owó. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀ nìyí. Wọ́n rò pé wíwọlé nìkan ti tó, wọ́n tẹ̀lé ẹlòmíràn jáde, ẹ̀rọ kò sì mọ ibi tí wọ́n sọ̀ sí. Ọmọ yín, ọ̀rẹ́ yín, káàdì tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Káàdì kan kò lè gbé ẹni méjì wọlé, torí ẹ̀rọ ti kà á sí pé olówó rẹ̀ wà nínú ọkọ̀.

Alẹ́ àná ni kí ẹ ti kówó sórí káàdì, kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ wọkọ̀. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dúró ní aago mẹ́fà àárọ̀, kò sí ohun tí ẹni tó jókòó sẹ́nu ferese káàdì lè ṣe, ọkọ̀ yóò sì lọ. Owó tó ká ìrìn tó jìnnà jù lórí ọ̀nà náà, lọ bọ̀, ni kó máa wà lórí rẹ̀ nígbà gbogbo, kódà tó bá jẹ́ pé Múṣin ni ẹ ń sọ̀ sí. Ẹ sì yọ ọ́ kúrò láàárín káàdì báǹkì kí ẹ tó gbé e lé ẹ̀rọ. Tí káàdì méjì bá dojú kọ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ a dàrú, ìlà a sì gùn lẹ́yìn yín.

Ohun kan wà tó ń ba ọ̀nà yìí jẹ́ tí kì í ṣe ẹ̀bi ọkọ̀. Ẹ wo irin náà dáadáa níbi tó bá ti súnmọ́ pèpéle. Orí igi kọnkéré ni irin dúbúlẹ̀ lé. Ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì irin, lórí igi kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí irin kékeré kan tí wọ́n tẹ̀ kọdọrọ, tó nípọn bí àtàǹpàkò, tó tẹ irin ńlá mọ́lẹ̀ gírígírí. Ìdè rẹ̀ nìyẹn. Mẹ́rin ló wà lórí igi kọ̀ọ̀kan, méjì fún irin kan. Òun ni àwọn olè ń fi òòlù yọ lóru láti lọ tà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Tí ọ̀kan bá kúrò, irin kò ní ṣe nǹkan kan. Tí mẹ́wàá, ogún bá kúrò lójú kan, irin ńlá a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá tẹ̀ ẹ́, àlàfo mílímítà 1,435 yẹn a sì fẹ̀ sí i. Kí ó tó débẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ní kí ọkọ̀ máa rọra gba ojú ibẹ̀ títí wọn yóò fi tún un ṣe. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó sọnù níbẹ̀ ni gbogbo èrò tó wà lẹ́yìn máa jọ san. Ẹnikẹ́ni tó bá rí ẹni tó ń yọ nǹkan lára irin, kó pariwo rẹ̀ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ibùdó kíákíá.

Rírìn lórí irin àti títa ọjà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà ń fa ewu. Irin lórí irin kì í fà bíi táyà lórí ọ̀dà. Ọkọ̀ tó wà lórí eré, bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì pátápátá, yóò ṣì yọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn kó tó dúró, kò sì sí ibi tó lè yà sí. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Red Line, wọ́n kọ́ afárá mọ́tò sí Ìkẹjà, Múṣin, Yàbá àti Ọyíngbò kí mọ́tò má bàa máa gba ojú irin kọjá mọ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2023, báàsì kan tó kó òṣìṣẹ́ ìjọba gba ojú irin kọjá ní apá PWD ní Ìkẹjà nígbà tí rélùwéè ti Abẹ́òkúta ń bọ̀. Ènìyàn 6 ló bá a lọ. Ẹni tó bá ń ráhùn pé afárá ẹlẹ́sẹ̀ ga jù, tó sì fẹ́ máa sáré gba orí irin kọjá, kó rántí ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ Island, ọ̀rọ̀ yín rèé. Ètò ìjọba Èkó ni pé Red Line yóò gùn dé kìlómítà 37, kó kọjá omi, kó sì bá Blue Line pàdé ní Marínà. Títí di ìgbà yẹn, Ọyíngbò ni ọkọ̀ máa já yín sí, ẹ ó sì wọ báàsì láti gáréèjì ibẹ̀ lọ sí CMS tàbí Ìdúmọ̀tà. Báàsì yẹn máa pàdé gòsílóò ojú afárá bíi ti gbogbo mọ́tò yòókù, nítorí náà ẹ má ṣírò àkókò rélùwéè nìkan. Láti Àgbàdo, ó ṣì sàn ju kí ẹ fi mọ́tò gba gbogbo rẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹni tó bá ń ti Ìkẹjà lọ Island, tó bá bọ́ sọ́nà ní kùtù hàì, BRT tààrà lè tètè gbé e dé ju kó wọ rélùwéè lọ sí Ọyíngbò, kó tún tò fún báàsì. Èrò Abúlé Ẹ̀gbá náà, BRT Òṣòdì tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020 ni kí wọ́n máa wọ̀, àfi tí wọ́n bá fẹ́ kọjá Òṣòdì.

Ibi tí Red Line ti dáa jù tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì mọ̀ ni ti ìrìnàjò Ìbàdàn. Ibùdó Mobolaji Johnson tí ọkọ̀ Ìbàdàn ti ń gbéra kò jìnnà sí ibùdó Red Line ní Ọyíngbò. Ẹni tó ń gbé ní Múṣin lè fi ilé sílẹ̀ láìwọ mọ́tò gígùn kan títí yóò fi dé Mọ́níyà ní Ìbàdàn. Ọkọ̀ Ìbàdàn sì tún ní ibùdó ní Agége àti Àgbàdo, nítorí náà ẹni tó wà ní apá ọ̀hún kò nílò láti padà sẹ́yìn wá sí Ọyíngbò. Kó lọ wọ̀ ọ́ níbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì kò papọ̀ o: Cowry Card kò ra ti Ìbàdàn, tíkẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀ kò sì ṣí ẹnu ọ̀nà Red Line. Ẹ fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 45 sílẹ̀ láàárín ọkọ̀ méjèèjì, nítorí bí Red Line bá pẹ́, ti Ìbàdàn kò ní dúró dè yín.

Àwọn tó ń kó ẹrù ọjà ńlá, àpò ẹ̀wà, agbọ̀n tòmátò, kí wọ́n má wulẹ̀ dán an wò. Kò sí ibi tí wọ́n lè gbé e sí, àtẹ̀gùn ibùdó sì ga. Báàgì tí ẹ lè gbé lé itan ni kí ẹ mú wá. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ aago tí ọkọ̀ tó kẹ́yìn lálẹ́ máa kúrò ní Ọyíngbò lọ́jọ́ náà kí ẹ tó kúrò nílé láàárọ̀, nítorí àkókò máa ń yí padà, pàápàá ní òpin ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Ẹ wò ó lójú pátákó ibùdó, kí ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín. Lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn, dánfó nìkan ló kù lójú ọ̀nà náà.